Ìwé Tí Mò Ń Kọ Tà Lórí Fóònù, Láti Ọ̀sẹ̀ Ifá Kan Dé Èkejì

  

Ó ti tó ọdún kan báyìí tí àwọn ènìyàn ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà, lójúde, lọ́jà, kódà níbi òkú. Wọ́n á ní, "Bàbá, a gbọ́ pé ẹ ti ń tajà lórí fóònù." Mo máa ń dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ìwé ni mò ń kọ tà. Ẹlòmíràn á rẹ́rìn-ín, á rò pé mò ń ṣàwàdà. Ẹlòmíràn á fà mí sí kọ̀rọ̀, á béèrè pé èló ló ń wọlé, báwo lọmọ òun náà ṣe lè bẹ̀rẹ̀, torí ọmọ ọ̀hún ti jáde ní poli láti ọdún mẹ́rin, kò sì ríṣẹ́. Àwọn tó ń béèrè wá pọ̀ débi pé olóòtú wa ní kí n jókòó kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnu mi lè sinmi. Mo gbà. Ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á, torí owó nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀.

Ohun tí mò ń ṣe kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ní gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá, ní ìdájí, mo máa ń fi ọ̀rọ̀ kékeré kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Kì í ju ojú ewé kan lọ nínú ìwé àwọn ọmọ iléèwé, bíi 150 ọ̀rọ̀, ó pọ̀ tán 200. Yorùbá pọ́ńbélé ni, àmì ohùn sì wà lórí rẹ̀. Lónìí ó lè jẹ́ lórí orúkọ àmútọ̀runwá, ìdí tí ọmọ tó fi ẹsẹ̀ jáde fi ń jẹ́ Ìgè, tí èyí tó dojú bolẹ̀ fi ń jẹ́ Àjàyí. Ọ̀sẹ̀ mìíràn, mo lè kọ nípa bí a ṣe ń kí ẹni tó ń dírun, ẹni tó ń rokà, ẹni tó ń ta ayò. Ọ̀sẹ̀ mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìdí tí ọ̀sẹ̀ wa fi jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin tí a sì ń kà á sí márùn-ún. Èmi nìkan ni mò ń ṣe é. Mi ò ní akọ̀wé, mi ò ní ọ́fíìsì, bẹ́ẹ̀ ni mi ò sanwó ìpolówó fún ẹnikẹ́ni rí.

Ọdún 2020 ló bẹ̀rẹ̀, nígbà àrùn kòrónà. Ìjọba ní ká má pé jọ, ọ̀sẹ̀ Ifá sì dé. Mo bá kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn mọ́kànlá tó ní irú fóònù bẹ́ẹ̀ nínú àwọn tó máa ń wá bọ Ifá lọ́dọ̀ mi, kí wọ́n kà á fún ará ilé wọn kí wọ́n tó ṣe ìwúre. Ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀sẹ̀ tún pé, mo tún kọ òmíràn. Nígbà tí wọ́n ṣí ìlú padà, mo rò pé ó parí nìyẹn, àfi bí àwọn ènìyàn ṣe ń pè: "Bàbá, ti òní dà?" Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé wa, obìnrin, tó wà ní London, ló kọ́kọ́ fi owó ránṣẹ́ láìjẹ́ pé mo béèrè. Ó ní ọ̀rọ̀ náà lòun fi ń kọ́ àwọn ọmọ òun méjèèjì ní Yorùbá kí wọ́n tó sùn lálẹ́, wọ́n sì ti ń mọ̀ ọ́n kà. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé ohun tí mò ń ṣe níye lórí.

Síbẹ̀ mi ò gbé owó lé e lọ́jọ́ náà. Mo kọ ọ́ fún ọdún kan gbáko láìgba kọ́bọ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ara mi á gbà á. Ẹni tó bá gba owó oṣù lọ́wọ́ ènìyàn tí kò sì mú iṣẹ́ dé, olè ni, kò lórúkọ míì. Ó sì kù síbì kan: àwa tí a kọ́ Ifá mọ̀ pé ohun tó bá máa pẹ́, kì í fò wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n ya díẹ̀ síbẹ̀ yẹn. Nígbà tí mo wà ní ọmọ iléèwé sẹ́kọ́ńdìrì, tí mo sì ń kọ́ Ifá lẹ́sẹ̀ kan náà, ọ̀gá mi kì í kọ́ mi ju ẹsẹ̀ kan lọ lóòjọ́. Bí mo bá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi kún un torí àkókò ìsinmi la wà, wọ́n á ní, "Àná ńkọ́? Sọ tàná." Bí tàná bá yọ̀ lẹ́nu mi, ìyẹn nìkan la ó tún pa mọ́ lọ́jọ́ náà. Odù 256 ló wà níwájú mi, ẹsẹ̀ inú wọn kò sì lóǹkà. Ká ní mo wo gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni, mi ò bá ti padà sí ọ̀dọ̀ télọ̀ tí bàbá mi fẹ́ fi mí sí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan péré, ta ni ẹsẹ̀ kan máa dẹ́rù bà? Ọ̀nà yẹn náà ni mo gbé wá sórí fóònù. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá bá mi rò pé àṣírí kan wà lára fóònù ọ̀hún. Kò sí. Mo mọ ìlànà náà kó tó di pé fóònù dé.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ wa ọjọ́ mẹ́rin, ọdún ọjọ́ 365. Ẹ pín in, ẹ ó rí 91. Ẹni tó bá kọ 150 ọ̀rọ̀ ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti kọ ju 13,600 lọ kí ọdún tó yí po. Ìwé pẹlẹbẹ kan nìyẹn. Bí ẹnì kan bá ní kí èmi tí mo ka ìwé mẹ́wàá péré jókòó kí n kọ ìwé odindi, orí á fọ́ mi. Ṣùgbọ́n ojú ewé kan ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, ó dà bí ẹni ń roko ẹ̀yìnkùlé.

Kì í sì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní èdè wa. Ní Èkó, láti 1929 wọ 1930, I. B. Thomas tó ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń kọ lẹ́tà Ṣẹ̀gilọlá díẹ̀díẹ̀ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, bí ẹni pé obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ń ròyìn ayé rẹ̀. Àwọn òǹkàwé ń retí èyí tó kàn, àwọn kan tiẹ̀ gbà pé obìnrin ọ̀hún wà láàyè lóòótọ́. Nígbà tí lẹ́tà parí, ó kó wọn jọ, ó tẹ̀ wọ́n ní ìwé ní 1930, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló sì kà á sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Lẹ́tà ni, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ọkùnrin yẹn mọ ohun tí ẹni tó ń tajà lọ́jà ọlọ́jọ́ márùn-ún mọ̀, pé oníbàárà gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ tí òun máa bá ọ nídìí ìgbá. Bí o bá patẹ lónìí, tí o kò patẹ lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, tó o wá patẹ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan láti fi dí i, wọ́n ti lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Torí náà, mi ò kì í jẹ́ kí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ bá mi lọ́wọ́ òfo. Inú ìwé olójú ewé 60 ni mo ti ń kọ́kọ́ fi bírò kọ ọ́, lọ́sàn-án, nígbà tí àlejò bá dá. Mẹ́ta máa ń wà nílẹ̀ nígbà gbogbo tí mi ò tíì fi ránṣẹ́, bí àgbẹ̀ ṣe ń fi iṣu sílẹ̀ nínú abà de ìgbà òjò. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ́dún 2022, ọ̀rọ̀ ń lọ, ìyàwó mi ló ń tẹ bọ́tìnì, ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀ pé ara mi ò yá. Ní báyìí, mo ti kọ ju 450 lọ.

Ní ti àmì ohùn, ọmọ mi obìnrin ló bá mi gbé kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ti Gboard sórí fóònù. Bí ènìyàn bá tẹ lẹ́tà kan mọ́lẹ̀ díẹ̀, gbogbo àmì rẹ̀ á yọ síta, á mú èyí tó fẹ́. Ó ń falẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ojú ewé kan máa ń gbà mí ní wákàtí kan ààbọ̀, ìka àgbà le. Àwọn kan ní kí n fi àmì sílẹ̀, pé ẹni tó gbọ́ Yorùbá á mọ̀ ọ́n. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá kọ́ ni mò ń kọ ọ́ fún nìkan. Ọmọ tí wọ́n bí sí London, tó rí "igba" láìsí àmì, ṣé igbá tí a fi ń bomi ni, àbí ìgbà tó ń lọ, àbí igba tí í ṣe ogún lọ́nà mẹ́wàá? Ohun tí wọ́n ń sanwó fún gan-an nìyẹn. Ọ̀rọ̀ Yorùbá pọ̀ lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí ènìyàn lè fọkàn tán ló ṣọ̀wọ́n.

Oṣù karùn-ún ọdún 2021 ni mo gbé owó lé e, ₦300 lóṣù. Ènìyàn 38 ló wà níbẹ̀. Mẹ́tàlá jáde lọ́jọ́ náà gan-an, mẹ́sàn-án san, àwọn yòókù dákẹ́. Ẹ bá mi rí nǹkan: ₦2,700. Ẹ̀gbọ́n mi kan gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ máa ta ẹ̀pà. Mo sọ fún wọn pé mẹ́sàn-án tó san yìí, wọ́n lójú, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń rà. Àwọn mẹ́sàn-án ọ̀hún ni mo gbájú mọ́. Mo kọ orúkọ wọn sínú ìwé, mo kọ ìlú tí wọ́n wà àti iye ọmọ wọn. Bí ẹnì kan bá béèrè ìbéèrè, ìdáhùn rẹ̀ ló ń di ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀kan mú àbúrò rẹ̀ wá, èkejì mú ìyá ìyàwó rẹ̀ wá. Ìparí ọdún 2022, a di 97. Ìparí 2023, a di 160. Mo gbé owó náà sí ₦500 lọ́dún yẹn, ẹni méjì péré ló jáde.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó mú ènìyàn wọlé ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Mo kọ nípa orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Fá: Fábùnmi, Fálànà, Fágbèmí, Fáṣọlá. Mo kọ bí ọ̀pọ̀ ìdílé tó di onígbàgbọ́ ṣe yọ Fá kúrò, tí wọ́n fi Olú tàbí Jésù síbẹ̀, tó fi jẹ́ pé Fábùnmi di Olúbùnmi, ọmọ ọmọ rẹ̀ ò sì mọ̀ pé ilé awo lòun ti ṣẹ̀ wá. Mi ò bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Mo kàn ní kí oníkálùkù lọ bi àgbà ilé rẹ̀ léèrè orúkọ tí bàbá bàbá rẹ̀ ń jẹ́. Háà! Fóònù mi ò sinmi fún ọjọ́ mẹ́fà. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì ní iṣẹ́ báńkì pè mí, ó ń sunkún. Ó ní òun bá Fá nínú ìwé tí wọ́n fi ra ilẹ̀ láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò sọ fún òun rí. Ènìyàn 22 ló wọlé nítorí ojú ewé kan yẹn. Ẹni tó bá ń kọ̀wé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kì í mọ èyí tó máa ta nínú wọn. Èyí tí mo rò pé ó dùn jù, tí mo kọ lórí ìlù, ẹni mẹ́ta ló fèsì.

Ẹnì kan tún wà ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia lórílẹ̀-èdè Brazil, ìyá olórìṣà. Olùkọ́ kan ló ń bá a túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi sí èdè Potogí. Wọ́n ń kọrin òrìṣà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà sì ti sọ ìtumọ̀ rẹ̀ nù lọ́nà, láti inú ọkọ̀ ẹrú títí di òní. Àṣẹ tiwa ni wọ́n ń kọ ní axé. Àkàrà tiwa ni wọ́n ń tà lójú títì níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní acarajé, ẹ̀wà kan náà, epo pupa kan náà. Nígbà tí mo kọ ojú ewé kan lórí àkàrà, ìyá yìí fi àwòrán agbada rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ìyàwó mi wò ó, ó ní iná rẹ̀ pọ̀ jù. Mo fi ránṣẹ́ sí i bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló rẹ́rìn-ín o. Nínú ìpàdé àwọn awo kan, àgbà kan dìde, ó ní mò ń ta Ifá lórí fóònù, mò ń tú awo fún ọ̀gbẹ̀rì. Mo dọ̀bálẹ̀ kí bàbá ná, mo wá yọ ìwé olójú ewé 60 mi jáde nínú àpò, mo fi lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n kà á fún gbogbo ilé. Wọ́n ka mẹ́rin. Kò sí ohun igbódù níbẹ̀, kò sí àkópọ̀ ewé, kò sí ohun ẹbọ. Mi ò fi ìwọ̀nyẹn sórí fóònù rí, mi ò sì ní fi wọ́n síbẹ̀, iye yòówù kí wọ́n san. Mo rán wọn létí pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti tẹ Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde láti 1968, igbódù ṣì wà níbi tó wà. Mo ní lọ́dún 2005 ni UNESCO kéde Ifá pé ó wà lára àwọn ohun àjogúnbá àfẹnusọ tó tayọ láyé; ṣé a ó wá jẹ́ kí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n máa bá wa sọ ọ́ ni? Bàbá ní òun ṣì máa rò ó. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ wọn wà lára àwọn tó ń gba ọ̀rọ̀ mi báyìí, àwọn fúnra wọn ló san án.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó ká mi lára jù, tí àwa awo kì í fẹ́ sọ jáde. Ebi ń pa ọ̀pọ̀ nínú wa. Bí ebi bá sì ń pa awo, ẹni tó wá dáfá ló wà nínú ewu. Ẹni náà jókòó síwájú rẹ, owó iléèwé ọmọ rẹ wà nílẹ̀ tí o kò tíì san. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ bọ́ sílẹ̀, Ifá ní kí eléyìí rú àkùkọ kan àti ẹyẹlé kan. Ọkàn kan á máa sọ fún ọ pé, pè é ní ewúrẹ́. Mo mọ àwọn tí ọkàn náà ti borí. Gbogbo wa la mọ̀ wọ́n. Orúkọ burúkú tí ará ìlú ń pè wá, apá kan nínú rẹ̀ ibẹ̀ ló ti wá.

Lónìí, ènìyàn 140 ló ń san ₦500 lọ́dọ̀ mi lóṣù. ₦70,000 nìyẹn, iye kan náà pẹ̀lú owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2024. Mo ń yọ owó dátà àti owó tí mo fi ń gba iná sí fóònù nínú rẹ̀. Àwọn kan lókè òkun máa ń fi ẹ̀bùn lé e, mi ò kà á mọ́ owó iṣẹ́. Kì í ṣe owó tí a fi ń kọ́lé. Ṣùgbọ́n ó ń dé, oṣù dé, owó dé, gaàrí àti epo ò sì gbára lé ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn mi mọ́. Lọ́dún tó kọjá, ẹni mẹ́ta wá dáfá lọ́dọ̀ mi tí Ifá ò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wọn ju omi tútù àti pé kí wọ́n lọ bẹ ìyá wọn. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe rí i. Wọ́n fi owó kékeré tí wọ́n fi sọ̀rọ̀ sí Ifá sílẹ̀, wọ́n lọ. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tó bá bi mí pé kí ni mo rí nínú ìwé tí mò ń kọ tà, èyí ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ kí n tó dárúkọ owó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ilé wa, ẹ gbọ́ èyí náà. Ọmọkùnrin kan wá bá mi lọ́dún tó kọjá, ó wọ aṣọ tó dáa, ó kí mi dáadáa. Ó ní òun gbọ́ pé mo ní nọ́ńbà àwọn ará òkè òkun tó nífẹ̀ẹ́ òrìṣà. Ó ní òun á fún mi ní ₦200,000 kí n fi àwọn nọ́ńbà náà lé òun lọ́wọ́, pé òun fẹ́ máa bá wọn dáfá. Ẹ̀yin náà mọ irú ìfá tó fẹ́ dá. ₦200,000 sún mọ́ owó oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ mi. Mo bá a bu omi mu, mo ní kó máa lọ. Nọ́ńbà àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn, àárín ohun tí a fi pamọ́ lójúbọ ni mo kà á sí. Ọdún márùn-ún ni mo fi kó wọn jọ, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ọ̀sán ọjọ́ kan péré ló máa gbà láti fi ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, àwọn tó fọkàn tán mi á sì sọ pé Ifá ló jà wọ́n lólè, wọn ò ní dárúkọ ọmọkùnrin náà.

Ẹlòmíràn náà kó ọ̀rọ̀ mi, ó fi orúkọ tirẹ̀ sí i, ó gbé e fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tó ń tẹ̀ lé e. Ìyàwó mi ní ká pè é lẹ́jọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ iye tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, bíi "Ọ̀rọ̀ 213". Nígbà tó tún kó òmíràn, ó gbàgbé láti pa nọ́ńbà rẹ́, àwọn òǹkàwé tèmi ni wọ́n lọ bá a níbẹ̀ pé àwọn 212 tó kù dà.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ni nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tó pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀nà tí mò ń gbà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, tí àwọn ọmọ ń pè ní broadcast, kì í ṣe gúrúùpù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lèmi á kọ, oníkálùkù á gbà á bí ẹni pé òun nìkan ni mo kọ ọ́ sí. Ẹni tí kò bá tọ́jú nọ́ńbà mi sórí fóònù rẹ̀ kò ní rí i gbà, ìyẹn ni mo fi ń kọ́kọ́ ní kí àlejò kọ nọ́ńbà mi sílẹ̀ níṣojú mi. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo fẹ́ fi ẹnì kan kún un, fóònù kọ̀. Mo pe akápò mi kan tó kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní poli. Ó wò ó, ó ní, "Bàbá, ó ti kún. Ènìyàn 256 ni orúkọ ẹyọ kan lè gbà."

Mo ní kó tún un sọ. 256! Iye Odù Ifá gan-an. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún mi pé ẹsẹ̀ méjì-méjì ni kọ̀ǹpútà fi ń kà, òfo àti oókan, àti pé mẹ́jọ irú àmì bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ló ń bí 256. Mo ní kó dákẹ́ kó mú ọ̀pẹ̀lẹ̀ mi wá. Èso mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dé. Mo ní kó kà á fún mi. Òun náà jókòó sílẹ̀. Mi ò sọ pé àwọn tó ṣe WhatsApp dáfá o, ẹ má lọ gbé ìyẹn kiri. Ìṣirò kan náà ni, àwọn bàbá wa sì ti ń ṣe é lórí iyẹ̀rosùn tipẹ́tipẹ́.

Nínú 256 náà, 116 ò san nǹkan kan. Àgbàlagbà ni wọ́n àti àwọn ọmọ ilé wa tí mi ò lè gba owó lọ́wọ́ wọn. Ọmọ mi ní kí n yọ wọ́n, kí n fi àwọn tó ń sanwó dí àyè wọn. Mi ò yọ ẹnì kankan. Fóònù gba kí ènìyàn ṣí èkejì, mo ṣí i. Ti àwọn ọmọdé ni, àádọ́ta (50) ọ̀rọ̀ péré, tí mo sì ń fi ohùn ara mi kà kí wọ́n lè gbọ́ bó ṣe ń dún. Ẹni 16 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, a ti di 31. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọdún mẹ́jọ kan ní Manchester fi ohùn ránṣẹ́, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ dun Ìgè nígbà tó ń jáde bọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ti wà nínú ìwé olójú ewé 60. Ọ̀túnla ni ọ̀sẹ̀ pé.